Ọba tó fúnra rẹ̀ kọ òkúta ibojì rẹ̀: èmi, ọkọ mi àti àwọn ọmọ wa ní Huế

Ààfin Huế tóbi ju ẹsẹ̀ ọmọdé lọ. Ẹ fi èyí sọ́kàn kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ògiri tó yí ìlú ọba yìí ká ń lọ bíi kìlómítà 10, inú rẹ̀ ni ògiri mìíràn wà, inú ìyẹn náà ni èyí tí wọ́n fi sé ilé ọba àti àwọn olorì mọ́ tún wà. Gia Long, ẹni àkọ́kọ́ tó jọba nínú ìdílé Nguyễn ní Fiẹtnám, ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà lẹ́yìn tó gorí ìtẹ́ ní 1802. Ọba 13 ló jẹ kí Bảo Đại, ẹni ìkẹyìn nínú wọn, tó bọ́ adé sílẹ̀ ní 1945, lórí Ngọ Môn, ẹnu ọ̀nà tí a gbà wọlé gan-an.

Ngọ Môn yìí ní ojú ọ̀nà márùn-ún. Ọba nìkan ló ń gba ti àárín, àwọn ìjòyè ń gba méjì tó tẹ̀lé e, àwọn ọmọ ogun àti erin ló ni méjì tó kù. Àbúrò, ọmọ wa kejì, gbọ́ “erin”, ọ̀rọ̀ parí: ti erin lòun máa gbà.

Gbọ̀ngàn ìtẹ́, Thái Hòa, ní òpó 80 tí wọ́n kùn ní pupa, tí dírágónì aláwọ̀ wúrà lọ́ mọ́. Lẹ́yìn ibẹ̀, koríko ló pọ̀. Iná jó ọ̀pọ̀ ilé ní 1947 nígbà tí wọ́n ń bá Faransé jà, ogun 1968 sì fọ́ púpọ̀ nínú èyí tó ṣẹ́kù. Ohun tó gbà wá níbẹ̀ ni ìkòkò idẹ ńlá mẹ́sàn-án tí ọba Minh Mạng ní kí wọ́n rọ, tí wọ́n fín erin, ẹkùn, ọkọ̀ ojú omi àti ìbọn sí lára. Èyí tó wúwo jù lé ní kìlógíráàmù 2,500. A sọ ọ́ di eré: ẹni tó bá kọ́kọ́ rí ẹkùn ló máa lá áísìkiríìmù.

A jẹ bún bò Huế lọ́sàn-án, nọ́ọ̀dù ọlọ́bẹ̀ ẹran màlúù tí ata rẹ̀ mọ ọwọ́ ẹni, a sì háyà mọ́tò lọ síbi tí àwọn ibojì wà lẹ́yìn ìlú.

Ti ọba Tự Đức ló wọ̀ mí lọ́kàn jù. Láàárín 1864 sí 1867 ni wọ́n kọ́ ọ, nígbà tí ọba ṣì wà láyé. Adágún omi wà níbẹ̀, ilé onígi kan sì wà létí rẹ̀ tí ọba máa ń jókòó sí kéwì. Iṣẹ́ náà le débi pé àwọn òṣìṣẹ́ dìtẹ̀ ní 1866, ṣùgbọ́n ta ló máa mọ̀ bó bá rí i lónìí?

Ó lé ní 100 ìyàwó tí Tự Đức fẹ́, kò sì bí ọmọ kankan. Àṣà wọn ni pé ọmọ tó jọba lẹ́yìn bàbá ló ń kọ ọ̀rọ̀ ìyìn sára òkúta ibojì bàbá rẹ̀. Tự Đức gba ọmọ tọ́, síbẹ̀ òun fúnra rẹ̀ ló kọ tirẹ̀ sílẹ̀. Òkúta náà wúwo tó tọ́ọ̀nù 20, ara rẹ̀ ló sì ti ka àwọn àléébù ara rẹ̀. Ìgbà tirẹ̀ ni Faransé gba ìhà gúúsù ilẹ̀ wọn. Àwa tí à ń sọ pé ẹni ọmọ sin ló bímọ, báwo la ṣe fẹ́ wo irú òkúta bẹ́ẹ̀ ká kọjá lọ? Mo dúró títí Àbúrò fi ń fa aṣọ mi.

“Mọ́mì, ọba gan-an dà?” Ẹ̀gbọ́n, àkọ́bí wa, ló béèrè. Sàréè wà, ṣùgbọ́n wọ́n ní ọba kò sí nínú rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì mọ ibi tí wọ́n sin ín sí. Wọ́n tilẹ̀ ń pìtàn pé wọ́n bẹ́ orí àwọn 200 tó sin ín, kí àṣírí má bàa tú. Mo fo ìyẹn. Bàbá wọn ló tú u sílẹ̀, kò sì sẹ́ni tí àyà rẹ̀ já àfi èmi.

Ọ̀tọ̀ ni ti ọba Khải Định. Àtẹ̀gùn 127 lẹ ó gùn, símẹ́ńtì tó ti dúdú ni ẹ ó sì kọ́kọ́ rí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1920, ọmọ rẹ̀ Bảo Đại ló jọba nígbà tó parí ní 1931, owó orí ará ìlú sì fi ìdá 30 nínú 100 lọ sókè nítorí rẹ̀. Inú lọ́hùn-ún, àfọ́kù àwo tánganran àti ti ìgò ni wọ́n fi to ẹyẹ, igi àti òdòdó sára ògiri. Ẹ̀gbọ́n sún mọ́ ọn, ó rí àfọ́kù kan tó ṣì ní àwòrán búlúù tó ti wà lára àwo náà tẹ́lẹ̀. Wọ́n ti gé e kó di ewé. Lójú tèmi, àṣejù wà nínú ilé yẹn. Àwọn ọmọ ò fẹ́ jáde níbẹ̀.

Ẹsẹ̀ ti ń ro wọ́n nígbà tí a dé ti Minh Mạng, bàbá bàbá Tự Đức, a ò sì pẹ́ níbẹ̀. Ọmọ 142 ni ọba yìí bí. Nínú mọ́tò, Àbúrò fẹ́ mọ̀ bóyá ó mọ orúkọ gbogbo wọn. Èmi tí mo bí méjì péré, orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ pè kí n tó pe tirẹ̀, nítorí náà mo ní kó bi bàbá rẹ̀.