Lẹ́ǹsì tuntun náà máa ń lárùn o

Ẹ̀yin fọtógíráfà Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ kúuṣẹ́. Èrò ọ̀pọ̀ nínú wa ni pé tòkunbọ̀ nìkan ló ń níṣòro, pé tí páálí bá ti wà ní lílẹ̀ tí nọ́ńbà ara lẹ́ǹsì bá ti bá ti ara páálí mu, ó parí. Kò rí bẹ́ẹ̀ jàre, láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é gan-an ni lẹ́ǹsì ti lè wọ́.

Lẹ́ǹsì kì í ṣe gíláàsì kan ṣoṣo. Canon 50mm f/1.8 STM tí àìmọye wa fi bẹ̀rẹ̀ yẹn, gíláàsì 6 ló wà nínú ẹ̀, 70-200mm f/2.8L IS II ti wọn sì ní 23. Gbogbo wọn ló gbọ́dọ̀ dúró sójú ìlà kan náà, tí ẹyọ kan bá fi yẹ̀ báyìí tàbí tó dagun díẹ̀, apá kan fọ́tò á mú, apá kejì á ṣe bàìbàì. Roger Cicala, ọ̀gá tó dá LensRentals sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, iṣẹ́ kí wọ́n máa fi lẹ́ǹsì háyà ni tiwọn, ó pẹ́ tó ti ń kọ ọ́ pé kò sí lẹ́ǹsì méjì tó rí bákan náà délẹ̀, àti pé ti lẹ́ǹsì súùmù, èyí tó máa ń fa nǹkan sún mọ́ni, tún le ju ti èyí tí kì í súùmù lọ.

Èmi ra lẹ́ǹsì súùmù 24-70mm tuntun kan láti Èkó, wọ́n wéébíìlì ẹ̀ wá, mo gbé e lọ òde ìyàwó. Nígbà tá a to ẹbí jọ, àwọn tó wà lápá ọ̀tún, ẹ lè ka ihò ara lẹ́ẹ̀sì wọn, àmọ́ àwọn tó wà lápá òsì pátápátá, lẹ́ẹ̀sì kan náà ti dà bí àǹkárá. Ìyá ìyàwó wo fọ́tò títí, wọ́n ní ṣé aṣọ táwọn ẹ̀gbọ́n àwọn rà yàtọ̀ ni.

Bẹ́ ẹ ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò rèé. Ẹ wá fẹ́ǹsì búlọ́ọ̀kù tí wọn ò tíì rẹ́, wọ́n kún àdúgbò Under G fọ́fọ́. Ẹ gbé kámẹ́rà sórí tripod, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta yẹn, kó kọjú sí ògiri gbọọrọ, ẹ ṣí lẹ́ǹsì dé ibi tó fẹ̀ jù, 1.8 ni o, 2.8 ni o, ẹ lo táímà kọ́wọ́ yín má baà mì ín, ẹ fi fókọ́ọ̀sì sí àárín, kẹ́ ẹ wá wo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lórí kọ̀ǹpútà. Tó bá jẹ́ pé gbogbo igun ló rọ̀ bákan náà, ìyẹn ni pé wọn ò mú dáadáa, bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn, ẹ fi sílẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan péré, ẹ dojú kámẹ́rà dé kẹ́ ẹ tún yà á: tí bàìbàì yẹn bá ṣì wà níbi tó wà lára ògiri, ẹ̀yin lẹ ò kọjú sí i dáadáa, àmọ́ tó bá sá lọ sí apá kejì ògiri, lẹ́ǹsì ni. Tó bá jẹ́ súùmù, ẹ ṣe é ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin. Ọlọ́jà tó bá ní kẹ́ ẹ fi f/8 yà á, ó mọ nǹkan tó ń ṣe, torí f/8 máa ń sọ ojú lẹ́ǹsì di kékeré, ó sì máa ń bo púpọ̀ nínú àléébù ẹ̀ mọ́lẹ̀.

Eruku bíńtín nínú lẹ́ǹsì ò ṣe nǹkan kan fún fọ́tò, ẹ má torí ẹ̀ jà. Tẹ́ ẹ bá fi fókọ́ọ̀sì sí ojú tó lọ mú etí, tó sì jẹ́ DSLR, kámẹ́rà tó ní dígí nínú, ẹ kọ́kọ́ tún un ṣe nínú sẹ́tíǹsì kámẹ́rà ná, tí kámẹ́rà yín bá ní in. Mirrorless, èyí tí kò ní dígí, ò fi bẹ́ẹ̀ ní ìṣòro yẹn.

Ibi tó ká mi lára ni ti ọlọ́jà. Mo fi fọ́tò ògiri ránṣẹ́, ó ní mo ti gbé e lọ òde, ó ti di tòkunbọ̀ nìyẹn! Wáráńtì inú páálí, òkè òkun ni wọ́n ti fẹ́ kí n lọ lò ó. Torí náà kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ jẹ́ kó kọ iye ọjọ́ tẹ́ ẹ lè dá a padà sórí WhatsApp, pẹ̀lú ẹni tó máa san wéébíìlì, kẹ́ ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó fi ṣiṣẹ́ ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn ariwo, ó pààrọ̀ ẹ̀. Igun òkè lápá ọ̀tún ti tuntun yìí náà rọ̀ díẹ̀, mo rí i, mo gbé e bẹ́ẹ̀, kánópì ló sábà máa ń wà níbẹ̀.