Èmi náà ti wọ bàálù o

Òkun o, gbogbo ilé. Accra ni mo ti ń tẹ eléyìí o! Àǹtí mi ló pè lójijì pé òun ti ra tíkẹ́ẹ̀tì fún àwa méjèèjì láti Èkó, kí n ṣáà mú páásípọ́ọ̀tù mi kúrò ní Kábà, a ò kúkú nílò físà ká tó wọ Gánà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí mọ bí mo ṣe ń bẹ̀rù bàálù tó. Bẹ́ẹ̀ èmi yìí náà ló máa ń sùn nínú mọ́tò láàrin àwọn tírélà sìmẹ́ǹtì Ọbájánà!

Nígbà tó gbéra, mo di ọwọ́ Àǹtí mú, etí mi dí, inú mi ṣófo bíi pé mo gbàgbé ìfun mi sílẹ̀ l'Ékòó. Ó tún wá mì tìtì, mo ké "Jésù!", ìyá àgbà kan tó wà lẹ́bàá wíńdò ò tiẹ̀ wojú mi, ó ń jẹ ṣinṣín ẹ̀ lọ, ó kàn na ike ẹ̀ sí mi pé "gbà, máa jẹ, afẹ́fẹ́ lásán ni." Mo gbà á, mò ń jẹ, mo wá yọjú wo ìta, omi òkun tẹ́ lọ salalu nísàlẹ̀, àyà mi kàn rọ̀ wọ̀ọ̀.

Kò ju bíi wákàtí kan lọ, aago tiwọn sì fi wákàtí kan rẹ̀yìn sí tiwa, àfi bíi pé a ò tíì kúrò nílé, mo rẹ́rìn-ín títí.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè tá a bá ń padà, ẹ̀bá wíńdò ni tèmi. Ta ló tún ń bẹ̀rù bàálù níbí? Kí lẹ ṣe tó fi lọ?