Ẹ parí ṣọ́ọ̀tì kan pátápátá kí ẹ tó fọwọ́ kan òmíràn

Ẹ̀yin àbúrò wa tí ẹ ń múra láti ṣe fíìmù kàtúùnù fún àṣekágbá ẹ̀kọ́ yín, mo ti rí ètò yín. Ẹni mẹ́rin, ìṣẹ́jú márùn-ún, oṣù mẹ́ta. Ètò yìí kan náà ni àwọn tó ṣáájú yín mú wá, òun náà ni àwọn tó ṣáájú wọn mú wá, ibì kan náà sì ni gbogbo wọn ti fẹsẹ̀ kọ. N kò ní kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń mú bọ́ọ̀lù ta lórí ilẹ̀. Ẹ ti mọ ìyẹn. Ìṣirò ni ẹ kò tíì jókòó tì.

Èkíní nìyẹn. Fíréèmù 24, ìyẹn àwòrán tó dúró jẹ́ẹ́ tí fíìmù ń fi hàn tẹ̀léra, ló ń kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìṣẹ́jú márùn-ún jẹ́ fíréèmù 7,200. Bí ẹ bá tilẹ̀ ń fi àwòrán kan di fíréèmù méjì mú, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ayàwòrán ti ń ṣe, àwòrán 3,600 ló wà lọ́rùn yín. Ká ní ẹni méjì nínú yín ló ń yàwòrán, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan sì ń yọ 20 tó mọ́ lójúmọ́: ọjọ́ 90 ni, láìsí ìsinmi, láìtíì kùn ún, láìtíì fi ohùn sí i. Ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ ní tirẹ̀ gba àwòrán 1,080, ọjọ́ 27. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Bí ẹ bá fẹ́ bínú sí mi nítorí pé mo ní kí ẹ gé ìtàn yín kù, ẹ bínú nísinsìnyí tí ààyè ṣì wà.

Èkejì, animatic. Ẹ to àwòrán storyboard, ìyẹn àwòrán ìtàn yín ní ìtòtẹ̀léra, pọ̀ pẹ̀lú ohùn, kí ìwọ̀n àkókò ṣọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan (ìyẹn apá fíìmù kan tí kámẹ́rà ń wò láìgé) hàn kedere. Ẹ wò ó pẹ̀lú ẹni tí kò mọ ìtàn náà rárá, ẹ tún un ṣe, kí ẹ wá dá ọjọ́ kan tí ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kàn án mọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ṣọ́ọ̀tì ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin jẹ́ àwòrán 48. Bí olùdarí bá yọ ọ́ kúrò lẹ́yìn tí wọ́n ti yà á tán, iṣẹ́ ẹnì kan fún ọjọ́ méjì àti ààbọ̀ ló dà sínú ìgbẹ́ yẹn. Ó sábà máa ń jẹ́ pé olùdarí tí kì í yàwòrán ni ọwọ́ rẹ̀ ń yá láti yọ nǹkan. Ohùn àwọn tó ń sọ̀rọ̀ nínú fíìmù náà gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀ kí ẹnu ẹ̀dá ìtàn tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, nítorí pé ẹnu ló ń tẹ̀lé ohùn.

Ẹ fẹnu kò lórí iye fíréèmù ní ìṣẹ́jú-àáyá kan pẹ̀lú. Bí ẹnì kan bá ṣiṣẹ́ lórí 24, tí èkejì sì ṣe tirẹ̀ lórí 30, ṣọ́ọ̀tì ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá á parí ní mẹ́jọ, ojú á sì tètè rí i. Èyí tó ń fi ara pamọ́ ni 24 àti 23.976. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ta, ohùn àti ẹnu á ti fi nǹkan bíi fíréèmù mẹ́rin yàtọ̀ síra, ẹ ó sì máa bá ẹni tó ya ẹnu jà láìjẹ̀bi. DaVinci Resolve, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń to fíìmù pọ̀, kì í jẹ́ kí ẹ yí iye yìí padà nínú ètò iṣẹ́ mọ́ tí fíìmù bá ti wọ inú rẹ̀, nítorí náà, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ kí ẹ tó kó ohunkóhun wọlé.

Ẹ̀kẹta ni render, ìyẹn kí kọ̀ǹpútà ṣírò fíréèmù kọ̀ọ̀kan kó sì yọ àwòrán rẹ̀ jáde. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ dúró sí, torí ibẹ̀ ni fíìmù àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ti ń kú.

Bó ṣe máa ń rí rèé. Ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ lórí Blender, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe fíìmù 3D, fíréèmù 2,160. Ní ọ̀sẹ̀ kejì iṣẹ́, ẹnì kan ṣe render fíréèmù kan ṣoṣo láti wo bó ṣe máa pẹ́ tó. Ìṣẹ́jú kan. Ó ṣírò rẹ̀: wákàtí 36. Inú gbogbo wọn dùn, wọ́n sì fi ọjọ́ mẹ́ta sílẹ̀ fún un ní ìparí. Ṣùgbọ́n fíréèmù tó dán wò yẹn jẹ́ ti yàrá òfìfo kan tí ẹ̀dá ìtàn kò tíì wọ̀, tí iná kan péré wà nínú rẹ̀. Nígbà tí irun wọlé, tí koríko wọlé, tí gíláàsì àti èéfín wọlé, ìṣẹ́jú kan di mẹ́jọ ní ìpíndọ́gba, àwọn ṣọ́ọ̀tì mìíràn sì ń gba ogún. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ lọ́nà 2,160 jẹ́ wákàtí 288. Ọjọ́ méjìlá gbáko lórí kọ̀ǹpútà kan tí kò sinmi, ìyẹn tí ohunkóhun kò bá bàjẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta ló kù.

Ìgbà náà ni ẹ ó rí ohun tí ìpayà ń ṣe. Wọ́n á kọ́kọ́ dín sample kù, ìyẹn iye ìgbà tí kọ̀ǹpútà ń ṣírò ìmọ́lẹ̀ ojú kọ̀ọ̀kan nínú àwòrán, àwòrán á sì kún fún àmì wẹ́wẹ́ bí iyanrìn. Wọ́n á tan denoiser láti gbá a mọ́. Lórí fíréèmù kan ṣoṣo, ó dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n fíréèmù kọ̀ọ̀kan ló ń dá tọ́jú láìwo èyí tó ṣáájú rẹ̀, nítorí náà, nígbà tí fíìmù bá ń sáré, ògiri á máa gbọ̀n, òjìji á máa hó. Wọ́n á wá sọ 1920×1080 di 1280×720. Iye pixel á wá sílẹ̀ sí nǹkan bí ìdá 44 nínú ọgọ́rùn-ún, àkókò náà á sì dín kù, ṣùgbọ́n ìlà tín-ín-rín ojú ẹ̀dá ìtàn yín á di wúrúwúrú lórí ògiri ńlá tí wọ́n máa fi hàn yín.

Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á pín in sórí kọ̀ǹpútà ẹni mẹ́rin, ìyẹn ló sì máa ń parí ọ̀rọ̀. Blender ẹnì kan yàtọ̀ sí ti èkejì, àwọ̀ kò bára mu. Àwòrán ara aṣọ kò tẹ̀lé fáìlì, ẹ̀dá ìtàn yọ ní àwọ̀ pupa àlùkò títàn (magenta) bí ìgbà tí wọ́n fi inkì pa á lára. Bí Blender ṣe ń sọ fún yín pé òun wá fáìlì náà tì nìyẹn. Irun àti aṣọ tí wọn kò bake (ìyẹn, tí wọn kò ṣírò ìrìn rẹ̀ pamọ́ sínú fáìlì) ń fẹ́ sí apá ọ̀tún lórí kọ̀ǹpútà kan, ó ń fẹ́ sí òsì lórí òmíràn. Ẹnì kan tilẹ̀ máa ń wà tó ṣe render tààrà sínú MP4, fáìlì fídíò kan ṣoṣo. Iná lọ ní fíréèmù 900, fáìlì náà kò ṣí mọ́, iṣẹ́ ọjọ́ márùn-ún ti lọ. Láàárín ara wọn, wọn kò ní sọ pé ìṣirò ló ṣì. Wọ́n á wá ẹnì kan dá lẹ́bi, ẹni tó ń tan iná sínú ṣọ́ọ̀tì ni wọ́n sì máa ń mú, torí òun ló kẹ́yìn.

Gbogbo èyí ni mo fi ń sọ fún yín pé kí ẹ parí ṣọ́ọ̀tì kan pátápátá kí ẹ tó fọwọ́ kan òmíràn. Ẹ má ṣe mú èyí tó rọrùn. Ẹ mú èyí tí irun, ìmọ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu àti àwọn ẹ̀dá ìtàn pọ̀ sí jù. Ẹ gbé e gba ọwọ́ ẹni gbogbo: ẹni tó to kámẹ́rà, ẹni tó mú un rìn, ẹni tó tan iná, render, àpapọ̀ àwòrán, ohùn, títí yóò fi wọ àárín animatic tí ó sì dúró síbẹ̀. Yóò gbà yín ní ọ̀sẹ̀ kan, bóyá méjì, ẹ ó sì máa rò pé ẹ ń fàkókò ṣòfò. Ibi tí iṣẹ́ ẹnì kan ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn ni ìbàjẹ́ ń fara pamọ́ sí, kò sì sí ètò orí bébà tó lè fi hàn yín. Bí ẹ̀yin bá wá yí orúkọ egungun kan padà nínú fáìlì rig (àwọn egungun tí wọ́n fi ń mú ẹ̀dá ìtàn rìn) lẹ́yìn tí wọ́n ti ń mú un rìn nínú àwọn fáìlì mìíràn, ìrìn á já kúrò lára rẹ̀. Ó sàn kí ẹ rí ìyẹn lára ṣọ́ọ̀tì kan ju kí ẹ rí i lára ogún.

Nígbà tí ẹ bá ti mọ àkókò tó gba ṣọ́ọ̀tì tó wúwo jù, ọ̀nà wà láti dín in kù láìba ojú rẹ̀ jẹ́. Níbi tí kámẹ́rà kò bá ti rìn, ẹ ṣe render àwòrán ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan péré, kí ẹ tan Film Transparent fún ẹ̀dá ìtàn, kí ẹ̀yìn rẹ̀ lè ṣófo, kí ẹ wá tò wọ́n lé ara. Òjìji tó bọ́ sí ilẹ̀ ni kí ẹ ṣọ́, torí kì í tẹ̀lé e fúnra rẹ̀. Shadow Catcher wà fún un. Bí ẹ bá mú ẹ̀dá ìtàn rìn ní méjì-méjì tí kámẹ́rà sì dúró, ẹ fi Step sí 2, ìdajì fíréèmù ni ẹ ó yà. Ìtàn tí kò nílò gíláàsì lè lọ sórí EEVEE, ọ̀nà render Blender tó yára. PNG tàbí EXR ni kí ẹ máa gbé jáde, fíréèmù kan, fáìlì kan, kí iná tó bá lọ má lè gbà ju ẹyọ kan lọ́wọ́ yín. Bí kọ̀ǹpútà púpọ̀ bá ń kọ sínú fódà kan náà, ẹ pa Overwrite, kí ẹ tan Placeholders. Olúkúlùkù á máa fo èyí tí èkejì ti mú. Kí gbogbo ọ̀nà fáìlì jẹ́ relative, ìyẹn kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí fáìlì Blender yín wà. Kí Blender gbogbo yín jẹ́ ẹ̀dà kan náà títí iṣẹ́ á fi parí, kódà bí tuntun bá jáde lọ́la.

Orúkọ fáìlì: sh010, sh020, sh030, kí àyè wà bí ṣọ́ọ̀tì kan bá wọ àárín, kí nọ́ńbà ẹ̀dà sì tẹ̀lé e, sh020_anim_v004. Ẹni tó bá kọ “final_tuntun_gangan2” ni kó ra oúnjẹ fún gbogbo ẹgbẹ́. Ẹ kọ ẹni tí ọ̀rọ̀ ìkẹyìn wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ẹ kọ bí orúkọ yóò ṣe tò ní ìparí fíìmù sílẹ̀ pẹ̀lú, ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ ṣì fẹ́ràn ara yín. Ẹni tó ní èrò ìtàn lọ́kàn ṣùgbọ́n tí kò ní iṣẹ́ lọ́wọ́ ti pọ̀ jù nínú ẹgbẹ́ ẹni mẹ́rin.

Nígbà tí ẹ bá ti gbé e jáde tán, ẹ mú un lọ sórí kọ̀ǹpútà tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni nínú yín, kí ẹ wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin pẹ̀lú agbóhùnjáde méjèèjì. Bí ohùn bá ń jáde ní òsì nìkan, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ohùn tí ẹ gbà ní mono (ìlà kan ṣoṣo) ló jókòó sí apá kan ìlà stereo (òsì àti ọ̀tún). Ẹ tún ìlà náà yàn, kí ẹ tún un gbé jáde. Ohùn nìkan ló fẹ́ àtúnṣe, ẹ kò ní ṣe render fíréèmù kankan.