Ọkọ̀ òfuurufú tó ń dúró de àgùntàn

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi dúpẹ́! Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló gbé mi dé Lesotho, orílẹ̀-èdè kékeré kan ní gúúsù Áfíríkà, níbi tí gbogbo ilẹ̀ ti ga ju 1,000 mítà lọ. Lónìí, ọkọ̀ òfuurufú kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Cessna la bá lọ fún àwọn ọmọdé ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Kí n tó wọlé, atukọ̀ ní kí n gun òṣùwọ̀n, èmi àti báàgì mi! Ó ní afẹ́fẹ́ òkè fúyẹ́, ẹ̀rọ kì í fi bẹ́ẹ̀ lágbára níbẹ̀.

Pápá tí ọkọ̀ fẹ́ balẹ̀ sí ńkọ́? Ẹ má retí ọ̀dà o. Pápá àdáni ni, koríko àti òkúta wẹ́wẹ́, ó dagẹ̀rẹ̀, ìparí rẹ̀ já sí ọ̀gbun. Àgùntàn ló kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Atukọ̀ fò kọjá lórí wọn, ó tún gbéra sókè. Ọlọ́run ìyá mi! Ọmọkùnrin kan tó da bùláńkẹ́ẹ̀tì bora gun ẹṣin wá lé wọn kúrò.

Bí a ṣe balẹ̀, ìyá àgbà kan ti pọn ọmọ dúró. “Lumela, 'm'e,” ló fi kí mi, ìyẹn “ẹ ǹlẹ́, ìyá” lédè Sesotho. A ò tíì já ẹrù tán tí ìlà fi gùn.