Oògùn ajá kì í ṣe oògùn ológbò, ẹ gbọ́ tẹnu mi

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sin ológbò, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ yìí ṣì ń dùn mí ni mo ṣe ń kọ ọ́. Etí ni tèmi kọ́kọ́ ń họ. Mo ní ìdọ̀tí ni. Kó tó di ọ̀sẹ̀ méjì, èépá ti bo etí ẹ̀, ó le gbagidi bí èèpo igi, ó gba iwájú orí ẹ̀ dé ọrùn, irun ibẹ̀ re dànù, ó sì ń họ ọ́ títí ẹ̀jẹ̀ fi ń jáde. Mo ní làpálàpá ni, mo fi ìpara pa á, asán ni.

Ẹnì kan wá ní kòkòrò ni, pé oògùn eégbọn tóun ń kán sí ajá òun lẹ́yìn ọrùn ṣì kù. Mo gbà á, mo kán an sí i. Ẹ má bú mi o, ẹni tí ẹran ọ̀sìn ẹ̀ ò jẹ́ kó sùn ló mọ nǹkan tí mò ń sọ.

Lóru ọjọ́ yẹn, mo gbọ́ kọ́kọ́kọ́ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo tan iná fóònù. Èékánná ẹ̀ ló ń lu ilẹ̀, gbogbo ara ẹ̀ ń gbọ̀n, etí ẹ̀ ń já pàtì pàtì, ẹyinjú ẹ̀ fẹ̀, mo pè é, kò mọ̀ pé èmi ni. Mo fi táwẹ́ẹ̀lì wé e, gìrì mú un lọ́wọ́ mi. Mo rò pé ó ti kú.

Dókítà ẹranko gbà á là, wọ́n fi ọṣẹ fọ oògùn náà kúrò lára ẹ̀, wọ́n fún un lábẹ́rẹ́, ó dúró síbẹ̀ fọ́jọ́ mélòó kan. Permethrin ló wà nínú oògùn yẹn. Ẹ̀dọ̀ ológbò ò lè fọ́ ọ dànù bíi ti ajá. Ẹ ka ara páálí oògùn, tẹ́ ẹ bá ti rí permethrin, ẹ gbé e sílẹ̀.

Kúrúnà ológbò ló ń ṣe é ṣáá. Dókítà fi bíléèdì ha èépá etí ẹ̀, ó wò ó nínú máíkírósíkóòpù, kòkòrò náà pọ̀ níbẹ̀, orúkọ ẹ̀ ni Notoedres cati. Kòkòrò inú ihò etí tó máa ń mú kí etí dọ̀tí dúdú yàtọ̀ sí i, làpálàpá náà yàtọ̀, ojú lásán ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀ dáadáa. Selamectin ni wọ́n fi wò ó, èyí tí wọ́n ṣe fún ológbò, wọ́n wọn bó ṣe tẹ̀wọ̀n tó kí wọ́n tó fún un. Ológbò mi kejì tí ò họ ara rárá náà gba tiẹ̀, torí kúrúnà yìí ń ràn. Ó ràn mí lápá, àmọ́ ìyẹn lọ fúnra ẹ̀. Irun ẹ̀ ti hù padà.

Ẹni tó fún mi lóògùn ṣì ń sọ pé òun ń kán an sí ajá òun, kò ṣe é ní nǹkan kan. Mo mọ̀. Ajá ni.