Ìwọ̀ kékeré, okùn tínrín: ohun tí etí omi kọ́ mi

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi kọ́kọ́ mú mi lọ dẹ ìwọ̀ ní Ẹlẹ́yẹlé, n'Íbàdàn. Adágún yẹn ti wà láti ọdún 1942, wọ́n sé odò Ọ̀nà kí ará ìlú lè rí omi ẹ̀rọ mu, ṣùgbọ́n lójú tiwa, torí ẹja ni wọ́n ṣe sé e. Ọparun ni ọ̀pá wa. Okùn wa, okùn ọ̀rá tí a tú lára àwọ̀n gbígbó ni. Sílípáàsì tó ti já la máa ń gé wẹ́wẹ́ fi ṣe ìléfòó. Ẹ̀yìn ilé ìwẹ̀ la ti ń wa ekòló, bí a ò bá sì rí ekòló, ẹ̀bà àná tó ti le náà ń ṣiṣẹ́, torí ẹ̀pìyà kì í kọ ẹ̀bà. Bí ẹja bá ti fà á báyìí, tipátipá la ó fi gbé ọ̀pá sókè, ẹja á fò kọjá lórí wa, á lọ já lu koríko lẹ́yìn. Mo mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Àwọn ọmọ àdúgbò ń pè mí ní Bàbá Ẹlẹ́ja.

Ìmọ̀ yẹn ni mo gbé dé Lọ́ńdọ̀nù. Òun náà ló jẹ́ kí n jókòó sí etí adágún kan ní Sátidé mẹ́ta àtààbọ̀ tẹ̀léra wọn láì rí ẹja kan ṣoṣo mú.

Ẹ gbọ́ ohun tí mo rù lọ. Mo wọ ṣọ́ọ̀bù, mo ra ohun tó lágbára jù níbẹ̀: okùn tí wọ́n kọ 20lb sí lára (ìwọ̀n ohun tó lè gbé kó tó já nìyẹn), ìléfòó tó tó ẹyin adìẹ, ìwọ̀ nọ́ńbà 2. Lójú mi, nọ́ńbà 2 kéré, mo tiẹ̀ rò pé mo ń ṣe jẹ́jẹ́ ni. N kò mọ̀ pé ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń ka nọ́ńbà ìwọ̀. Nọ́ńbà 2 tóbi ju 10 lọ, 10 tóbi ju 16 lọ, 20 ló wá kéré bí èékánná ọmọ tuntun. Àfi ibi tí ẹ bá ti rí i tí wọ́n kọ 1/0, 2/0, ibẹ̀ ló ti ń tóbi lọ bí nọ́ńbà rẹ̀ ṣe ń ga. Nílé, ta ló ń ka nọ́ńbà? Ìyá tó ń ta ìwọ̀ á dà á sínú àwo, ẹ ó fi ìka tọ́ka sí èyí tí ẹ bá fẹ́.

Ní Sátidé kẹrin yẹn, bàbá òyìnbó kan jókòó sí bíi ìgbésẹ̀ ogún sí mi, ó ń mú roach lọ ràì, ẹja pẹlẹbẹ aláwọ̀ fàdákà tí lẹ́bẹ́ rẹ̀ pupa. Ó ti lè mú tó ọgbọ̀n. Mo rò pé ibi tó jókòó sí ló dára, mo wá ń sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. Bàbá rí mi. Ó ní kí n kó ìwọ̀ mi wá. Ó wò ó, kò sọ̀rọ̀, ó kàn rẹ́rìn-ín, ó ṣí àpótí rẹ̀, ó yọ ìwọ̀ nọ́ńbà 16 fún mi, ó so ó mọ́ okùn 3lb tí ojú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí, ó fi ìdin kan ṣoṣo kọ́ ọ. Ìdin kan! Kí iṣẹ́jú mẹ́wàá tó pé, mo ti mú roach àkọ́kọ́ mi. Ká sọ òótọ́, inú mi ò kọ́kọ́ dùn. Ara mi ni mo ń bínú sí.

Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé irú ẹja báyìí kì í bu oúnjẹ jẹ bí ajá. Ó máa ń fa omi sẹ́nu ni, oúnjẹ á sì bá omi wọlé. Bí ìdẹ bá wúwo, tàbí tí okùn tó nípọn ń dá a dúró, kò ní wọlé bí èyí tó ń fò kiri nínú omi fúnra rẹ̀. Ẹja á fura, á tu ú dànù, kí ẹ tó ṣẹ́jú. Gbogbo Sátidé mẹ́ta àtààbọ̀ yẹn, bóyá ìgbà ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ti tu ìdẹ mi dànù tí n kò mọ̀.

Ọ̀rọ̀ ìléfòó náà kò yàtọ̀. Bí ìléfòó bá yọrí gogoro lórí omi, ẹja ní láti fi agbára wọ́ ọ sísàlẹ̀, bó bá sì ti rí i pé nǹkan ń fa òun padà, ó tán. Ìléfòó tẹ́ẹ́rẹ́ ni kí ẹ lò, kí ẹ fún òjé wẹ́wẹ́ mọ́ okùn títí orí rẹ̀ nìkan á fi hàn, tí kò ju ẹ̀pà kan lọ. "Òjé" ni mo ṣì ń pè é, ṣùgbọ́n kì í ṣe òjé gidi mọ́. Láti ọdún 1987 ni wọ́n ti fòfin de òjé tó wúwo ju giráàmù 0.06 lọ tí kò sì tó 28.35 nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, torí àwọn pẹ́pẹ́yẹ funfun ọlọ́rùn gígùn yẹn ń gbé e mì, ó sì ń pa wọ́n. Bí ẹ bá kó òjé láti ilé wá, ẹ fi í sílẹ̀ sínú báàgì.

Bí ẹnì kan bá ní ohun kan ṣoṣo ni kí n kọ́ òun, wíwọn jíjìn omi ni màá kọ́ ọ, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ni kì í ṣe é. Kí ẹ tó fi ìdẹ sí i, ẹ kọ́ òkúta tàbí irin kékeré kan mọ́ ìwọ̀, ẹ jù ú síbi tí ẹ fẹ́ dẹ. Bí ìléfòó bá rì pátápátá, omi jìn ju bí ẹ ṣe rò lọ, ẹ sún ìléfòó jìnnà sí ìwọ̀. Bó bá dùbúlẹ̀ sójú omi, okùn ti gùn jù, ẹ sún un sún mọ́ ìwọ̀. Ẹ ṣe é títí orí rẹ̀ á fi dúró ṣánṣán. Nígbà náà ni ìdẹ yín á máa kan ilẹ̀ lábẹ́ omi, níbi tí àwọn ẹja bíi bream àti tench ti ń jẹun. Kí ẹ sì wọn ibi tó sún mọ́ ẹsẹ̀ yín kí ẹ tó wọn ọ̀nà jíjìn. Èmi ni mo máa ń ju ìwọ̀ lọ sí àárín omi bí ẹni ju òkò, nígbà tí ẹja carp ń jẹun lábẹ́ koríko tí mo tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹja ń gbọ́ ẹsẹ̀ o. Ẹ má rìn gbìràgbìrà.

Oúnjẹ ẹja, mo ti ṣe àṣìṣe yẹn náà. Mo se àgbàdo odidi abọ́ kan, mo dà á sómi lẹ́ẹ̀kan náà, mo ń dúró. Wọ́n jẹ, wọ́n yó, wọ́n lọ sùn. Ìdin mẹ́fà tàbí méje ní ìṣẹ́jú mẹ́ta sí mẹ́rin sí ara wọn ti tó, bí èènì tí ìyá oníṣu ń fún yín kí ẹ lè padà wá.

Ẹ wá gbọ́ ti ríìlì. Lára rẹ̀ ni nǹkan kan wà tí a ń yí, iṣẹ́ bíréèkì ló ń ṣe. Bí ẹ bá yí i le jù, okùn kò ní lè jáde nígbà tí ẹja ńlá bá sáré. Ẹ fi ọwọ́ fa okùn wò: kó máa jáde kó tó di pé yóò já. Lọ́jọ́ kan nínú oṣù Keje, mo yí tèmi le pátápátá, mo fi ọ̀pá lé orí ìdúró rẹ̀, mo yíjú sí kúlà láti bu ìrẹsì. Mo gbọ́ gbì! Kí n tó yíjú padà, ọ̀pá mi ti wọ omi, ìdí rẹ̀ ló ń lọ lójú omi bí ọkọ̀ kékeré, ó yà sí apá òsì, ó rì. Síbí ìrẹsì ṣì wà lọ́wọ́ mi. £85 ni mo ra ọ̀pá yẹn, n kò tíì sọ iye náà fún ìyàwó mi di òní.

Láti ọjọ́ náà, bí ẹja bá sáré, mo ń jẹ́ kó sáré. Bó bá dúró, mo ń gbé ọ̀pá sókè díẹ̀díẹ̀, mo ń ká okùn bí mo bá ń sọ ọ́ kalẹ̀. Èyí ló ṣòro jù fún mi láti kọ́, torí ọwọ́ Ẹlẹ́yẹlé ṣì wà lára mi. Ọwọ́ yẹn fẹ́ gbé ẹja kọjá lórí. Pẹ̀lú ìwọ̀ nọ́ńbà 16, ètè ẹja ni ẹ ó fà ya. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là ń pa àmúkùrù ẹ̀pọ̀n. Ọ̀pọ̀ adágún ibí sì ni kì í gbà kí ẹ lo ìwọ̀ tó ní ẹ̀gún tó kọ ẹ̀yìn, nítorí náà bí okùn bá ti dẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹja ti bọ́. Ẹ sì fi itọ́ tutù sí kókó okùn kí ẹ tó fà á le. Bí ẹ bá fà á ní gbígbẹ, ooru á jẹ okùn náà, ibẹ̀ ni yóò ti já.

Ohun kan tó yẹ kí n ti sọ ṣáájú. Ọ̀pá ìgbàlódé kì í ṣe ọparun, carbon ni wọ́n fi ṣe é, iná sì ń gba inú rẹ̀ kọjá. Bí ẹ bá dé etí omi, ẹ wòkè. Bí wáyà iná bá kọjá lórí, ẹ jìnnà sí i tó mítà 30. Mo ti fọwọ́ kan òjìjí rí nígbà ọmọdé, ẹja tó ń gbé iná sára yẹn, apá mi kú fún bí ìdajì wákàtí. Èyí tó wà lókè, kò ní fi yín ṣeré bíi ti òjìjí.

Ní ti òfin, kò gùn. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹnikẹ́ni tó bá ti pé ọmọ ọdún 13 gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ. Ti àwọn ọmọ ọdún 13 sí 16 jẹ́ ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ gbà á. Ìtanràn ẹni tí kò bá ní in lè tó £2,500. Láti ọjọ́ 15 oṣù Kẹta títí di ọjọ́ 15 oṣù Kẹfà, a kì í fi ìwọ̀ mú irú ẹja bíi roach àti bream nínú odò. Ọ̀pọ̀ adágún ṣì máa ń ṣí. Ìwé àṣẹ náà kò sì ní kí ẹ wọ omi olómi, ẹ ó tún san tíkẹ́ẹ̀tì fún ẹni tó ni ibẹ̀.

Ibi tí ọmọ Yorùbá ti ń kó síṣòro ni ẹja gbígbé lọ sílé. Mo ti kó sí i. Mo mú bream kan tó tó àwo, mo fi í sínú ọ̀rá, ọkàn mi ti wà lórí ata. Bàbá tó fún mi ní ìwọ̀ ló sáré wá bá mi. Ó ní nínú adágún, bí ẹni tó ni ín kò bá fún yín láyè, olè ni. Odò ní ìwọ̀n tirẹ̀: lójúmọ́, ẹja wẹ́wẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí kò gùn ju sẹ̀ǹtímítà 20 lọ, pike kan tí kò ju 65 lọ, àti grayling méjì tó wà láàárín 30 sí 38, bí olódò bá sì gbà. Ojú tì mí. Mo dá bream padà, ó lúwẹ̀ẹ́ lọ, mo lọ ra panla ní Peckham.

Bí ẹ ó bá dá a padà, ẹ fi omi tutù sọ́wọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, nítorí ohun yíyọ̀ tó bo ara rẹ̀ ni ààbò rẹ̀, ọwọ́ gbígbẹ á sì bó o. Ẹ tẹ́ ẹní rírọ̀ tó tutù sílẹ̀, ẹ má jẹ́ kó jàjà lórí òkúta.

Ní Disẹ́ńbà tó kọjá, mo kó okùn tínrín àti ìwọ̀ wẹ́wẹ́ lọ sílé, mo bá àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lọ sí Aṣẹ́jíré. Ẹ̀pìyà gbà fún mi, mo mú ìlọ́po méjì tiwọn, pẹ̀lú ẹ̀bà tó kéré bí ẹ̀wà. Mo ti ń gbéraga nígbà tí àrọ̀ kan dé. Ó já okùn mi, ó wọ inú koríko omi. Èkejì já a. Ẹ̀kẹta já a. Ọmọ ọdún méjìlá kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fi okùn tó nípọn bí okùn bàtà, ìwọ̀ ńlá àti ègé ọṣẹ ìfọṣọ wọ́ tirẹ̀ jáde láìlàágùn. Nítorí náà, bí àrọ̀ ni ẹ ń wá láàárín koríko, ẹ gbàgbé okùn 3lb. Kí ẹ sì di ẹ̀yìn orí rẹ̀ mú, torí ẹ̀gún méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò mọ ẹni tó ti Lọ́ńdọ̀nù dé.

Nígbà tí mo padà, mo fi fọ́tò carp kan ránṣẹ́ sí bàbá mi, ó tó kílò mẹ́fà. Wọ́n pè mí kíá. Wọ́n ní ṣé a ti sè é. Mo ní mo ti dá a padà sómi. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ọmọ Òṣogbo ni wọ́n, ní igbó Ọ̀ṣun níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í ju ìwọ̀ sómi. Wọ́n ní, "Ṣé Ọ̀ṣun ló ni omi yẹn ni?"

Mo ní, "Rárá, sà. Òyìnbó kan ni. Póun mẹ́wàá ló ń gbà lójúmọ́."

"O tún sanwó?"