Ọ̀rọ̀ Ogún ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Èkó

Bí o bá sọ fún ìyá rẹ ní Ṣúrùlérè pé o ń kọ wíìlì, ìwé tí èèyàn fi ń pín ogún rẹ̀ kó tó kú, àdúrà lo máa kọ́kọ́ gbọ́. Tèmi pariwo lórí fóònù: "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Kí ló ṣe ọ́? Ṣé dókítà sọ nǹkan kan ni?" Ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, kò sẹ́ni tó ta pútú. Òfin wọn tó ti wà láti 1837 ní kí ẹlẹ́rìí méjì wà níbẹ̀ pa pọ̀ bí o ṣe ń fọwọ́ sí i, ẹlẹ́rìí tó bá sì wà lára àwọn tó fẹ́ jogún, ohun tí o kọ sílẹ̀ fún un ti lọ nìyẹn. Mo pe tọkọtaya tó ń gbé òdìkejì wa. Obìnrin náà kọ àdírẹ́sì àti iṣẹ́ rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìwé, ó mu tíì rẹ̀ tán, ó wá rán mi létí pé ọ̀la ni wọ́n ń kó pàǹtí. Ó parí.

Kì í ṣe pé Èkó kò lófin o. Ẹlẹ́rìí méjì lòun náà ń fẹ́, o sì lè kó tìrẹ fún Probate, ẹ̀ka tó ń rí sí wíìlì àti ogún ní Ilé-Ẹjọ́ Gíga, kí wọ́n bá ọ tọ́jú rẹ̀. Àwọn èèyàn ni kì í lọ. Ẹni tó bá wá kú láìkọ ọ́, tó jẹ́ pé ìgbéyàwó ìbílẹ̀ nìkan ló ṣe, àṣà ló máa pín ogún rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ìjà wà: ṣé ìdí-igi ni, kí wọ́n pín in ní iye ìyàwó tó bímọ, àbí orí-ò-jorí, kí wọ́n pín in ní iye ọmọ? Suberu Dawodu kú ní 1940, ó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀. Ẹbí bá ara wọn ṣẹjọ́ títí ọ̀rọ̀ fi dé Privy Council, ilé-ẹjọ́ tí ẹjọ́ Nàìjíríà máa ń parí sí nígbà náà, ní Lọ́ńdọ̀nù yìí kan náà, ní 1962. Wọ́n ní ìdí-igi lòfin Yorùbá: ọ̀nà mẹ́rin, ìdí kọ̀ọ̀kan ọ̀kan, ìbáà ṣe ọmọ kan ṣoṣo ni ìyá bí. Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín pé ẹnu adájọ́ òyìnbó la ti lọ gbọ́ àbọ̀ ogún ilé baba wa.

Opó ni èyí máa ń dùn jù. Lábẹ́ àṣà, ìyàwó kì í jogún ọkọ. Ọmọ rẹ̀ ló ń jogún. Ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, bí ọkọ bá kú láìkọ wíìlì, tó sì bímọ, ìyàwó ló kọ́kọ́ ń gba £322,000, àti ìlàjì ohun tó bá ṣẹ́ kù.

Èyí tó ń bí mi nínú jù lọ ni ti next of kin. Kò sí fọ́ọ̀mù tí kì í béèrè rẹ̀ ní Èkó, ẹni tí wọ́n bá sì kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀ á máa rìn bí àrólé. Irọ́ ni. Ẹni tí wọ́n máa pè ni, kì í ṣe ẹni tó máa jogún. Báǹkì ṣì máa ní kí ẹ lọ gba ìwé àṣẹ wá láti Probate, Probate á sì kọ́kọ́ gbé e jáde nínú ìwé ìròyìn kí ẹni tó bá lẹ́jọ́ lè wá rò.

Ẹ gba Èbúté Mẹ́ta kọjá, ẹ wo ara ògiri. Wọ́n á ti fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ gàdàgbà pé ilé yìí kì í ṣe títà. Àlejò á rò pé gbájúẹ̀ nìkan ni wọ́n fi ń lé. Nígbà mìíràn, ọmọ ìyá kan ló kọ ọ́ nítorí ọmọ ìyá kejì.

Ilẹ̀ tó wà ní Èkó, òfin Èkó ló ń tẹ̀ lé, torí náà wíìlì méjì ni mo kọ. Lọ́yà tó ń bá mi ṣe ti Èkó kìlọ̀ pé gbólóhùn kan wà tí wọ́n máa ń fi bẹ̀rẹ̀ wíìlì, tó ń fagi lé gbogbo èyí tí èèyàn ti kọ ṣáájú. Bí a ò bá ṣọ́ra, èyí tuntun á pa ti Lọ́ńdọ̀nù rẹ́. Ó yọ ọ́ kúrò, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé dúkìá tó wà ní Nàìjíríà nìkan lèyí kàn.